Ìṣẹ́jú-àáyá 7

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣubú, píìnì ló jí mi. Mo jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, mo ń fi píìnì mú etí aṣọ kan mọ́ra. Ohun tí mo rántí gbẹ̀yìn ni pé ariwo máṣíìnì náà jìnnà sí mi, àfi bíi pé wọ́n gbé e lọ sí yàrá kejì. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, píìnì 3 ti wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ọmọbìnrin mi dúró lé mi lórí, ó ń ké "Màámi! Màámi!" Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo dìde, mo yọ píìnì, mo ní ebi ló pa mí.

Ẹni ọdún 53 ni mí nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti wà lára mi, mo sì ń lo oògùn wọn déédéé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé nǹkan ń ṣe ọkàn mi. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí a mọ ohun tó ń gbé mi ṣubú, ọdún kan àti oṣù 9 ló kọjá. Nítorí ọdún kan àti oṣù 9 yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

ECG ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún mi. Wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ àyà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi wáyà so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì ń ya ìrìn iná mànàmáná inú ọkàn sórí bébà. Kò dun ni rárá. Èsì tèmi dára: ọkàn mi lù ní ìgbà 72 ní ìṣẹ́jú kan, ó lù dọ́gba, ó sì wà láàrin 60 sí 100 tí wọ́n ń retí lára àgbàlagbà tó ń sinmi. Inú mi dùn. Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn ni pé bébà yẹn kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan, ọkàn ènìyàn sì ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Lílù méjìlá péré nínú rẹ̀ la wò tí a fi dá ọkàn mi láre.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe echo. Wọ́n fi jẹ́lì tútù pa mí láyà, wọ́n ń yí ohun kékeré kan lé e lórí. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ló ń tinú rẹ̀ wọ àyà lọ, tó ń ta padà, tó sì ń di àwòrán. Mo fi ojú ara mi rí ọkàn mi, àwọn ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ń ṣí, wọ́n ń tì. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ní bí ọkàn mi ṣe ń fún pọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ń ti nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ jáde, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n wá fi Holter sí mi lára, ẹ̀rọ kékeré tí mo so mọ́ ìgbàdí, tó ń kọ lílù ọkàn mi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ní gbogbo wákàtí 24 náà, òòyì lásán kò kọ́ mi.

"Ó dára, ó dára, ó dára." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Mo lọ sílé, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Irọ́ kọ́ ni echo pa. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Ilé dúró dáadáa, ògiri kò sán, ilẹ̀kùn kò jábọ́. Iná ilé ló ń ṣẹ́jú, àwòrán ògiri kò sì lè fi ìyẹn hàn. ECG àti Holter ló mọ̀ nípa iná, ṣùgbọ́n àwọn náà ní láti wà níbẹ̀ lásìkò tó bá ṣẹ́jú gan-an. Ká ní ẹnìkan ti sọ èyí fún mi lọ́jọ́ náà ni, n kì bá tí fi "a kò rí nǹkan kan" ṣe "kò sí nǹkan kan".

Oṣù 5 lẹ́yìn náà, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ìpéǹpéjú mi là. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ara mi gbọ̀n díẹ̀ kí n tó jí, ọ̀rọ̀ gbígbọ̀n yẹn ló sì gbé wa lọ sí ibi tí kò yẹ. Ilé ìwòsàn kan tí a lọ kọ oògùn wárápá fún mi. Mo lò ó fún oṣù 4. Oorun ni mo ń sùn kiri, ọwọ́ mi wúwo, n kò lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti kékeré. Mo tún ṣubú pẹ̀lú oògùn náà lára. Títí di òní, bí mo bá rántí oṣù 4 yẹn, inú máa ń bí mi. Ara ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lè gbọ̀n. Gbígbọ̀n nìkan kò tó láti pè é ní wárápá.

Dókítà àgbà kan tí wọ́n júwe fún wa ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí n pe ọmọ mi wọlé, nítorí òun ló rí mi nígbà méjì nínú mẹ́ta, èmi kò rí ara mi. Ó bi í léèrè fínnífínní: Kí ni Màmá ń ṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n pariwo? Ṣé wọ́n gé ahọ́n jẹ? Báwo ni ojú wọn ṣe rí? Ó tó ìgbà wo kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n wà?

"Ojú wọn dà bí eérú, sà," ọmọ mi dá a lóhùn. "Bí wọ́n ṣe jí báyìí, ojú wọn pọ́n, wọ́n sì dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní wárápá kì í sábà tán wéré báyìí, ọ̀pọ̀ tó bá ṣe máa ń dà rú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Màmá, ọkàn yín ni mo fura sí. Ṣùgbọ́n n kò lè torí ìfura gbé ẹ̀rọ tí ẹ máa lò títí ayé sí yín lára. Ẹ jẹ́ ká mú un ná."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń dákú pé kó mú ẹni tó rí i dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí kò bá lè wá, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá lè fi fóònù ya fídíò lẹ́yìn tó ti rí i pé ẹni náà wà láìléwu, ó dára gan-an. Bébà àyẹ̀wò tí mo ti kó jọ nípọn, síbẹ̀ gbólóhùn méjì ọmọ mi ṣe ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n fi mú un ni loop recorder. Kò gùn tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù, ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú, wọ́n la ojú ihò kékeré kan sí àyà òsì, wọ́n tì í sábẹ́ awọ, wọ́n sì pa ojú rẹ̀ dé. Kò sí wáyà tó wọ inú ọkàn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi rìn lọ sílé. Bátìrì rẹ̀ lè tó ọdún 3. Tọ̀sán-tòru ló ń gbọ́ ọkàn, ó ń kọ, ó ń pa èyí tó ti kọ rẹ́, ó tún ń kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá sáré jù, tàbí ó falẹ̀ jù, tàbí ó dákẹ́, ó máa ń tọ́jú apá ibẹ̀ pamọ́. Wọ́n fún mi ní nǹkan kékeré kan tí mo lè tẹ̀ bí ara mi bá yí padà, àti ẹ̀rọ kan tí mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó ń fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn lóru.

Oṣù mẹ́wàá kọjá, kò sí nǹkan kan. Mo ti ń rò pé bóyá ó ti lọ. Ní oṣù kọkànlá, ní ọjọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró nídìí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, ojú mi ṣú. Mo tètè jókòó sílẹ̀, n kò dákú tán. Mo tẹ nǹkan náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì pè mí: "Mà, ẹ má wakọ̀ lónìí o, ẹ wá." Gbogbo ọjọ́ ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Ọkàn mi ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 7.

Dókítà fi bébà náà hàn mí, mo sì ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé mi. Yàrá 4 ló wà nínú ọkàn, 2 lókè, 2 nísàlẹ̀. Ibi kékeré kan wà ní yàrá òkè lápá ọ̀tún tó ń dá iná sílẹ̀, òun ló ń darí lílù. Iná náà á tàn ká àwọn yàrá òkè, á dúró díẹ̀ ní ẹnubodè kan láàrin ọkàn, á wá gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ara àti ọpọlọ. Lórí bébà, àmì kékeré dúró fún òkè, àmì ńlá dúró fún ìsàlẹ̀. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 7 tèmi, àwọn àmì kéékèèké tò tẹ̀ léra wọn, wọ́n ń lọ geere, àwọn ńlá tó yẹ kó tẹ̀ lé wọn kò sí níbẹ̀. Òkè ń pè, ìsàlẹ̀ kò gbọ́. Ẹnubodè ló ń tì lójijì, tó sì ń ṣí padà fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Mo sunkún. Ìbẹ̀rù kọ́. Ẹ̀rí pé n kò ṣàdédé máa ṣubú ló pa mí lẹ́kún.

Mo rò pé wọ́n máa fi pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń sún ọkàn lù bó bá falẹ̀, sí mi lára lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n dókítà ní a ó kọ́kọ́ ṣe MRI, ẹ̀rọ oníhò tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara. Ó ní bí ẹnubodè ọkàn ẹni tí kò tíì pé 60 bá ń tì láìsí ìdí tó hàn, ó yẹ ká wò ó bóyá àìsàn kan wà nínú ẹran ọkàn náà, bíi kí ó wú tàbí kí ó ní àpá, nítorí echo lè má rí irú àpá bẹ́ẹ̀. Ó sì sàn ká ya á kí irin tó pọ̀ tó wọ àyà, torí irin máa ń ba àwòrán MRI jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ pacemaker òde òní ni wọ́n ṣe lọ́nà tí ẹni tó ní i fi lè wọ MRI bí wọ́n bá ti tò ó sí ipò tó yẹ.

Mo wọ ihò náà. Ó ń pariwo gan-an, wọ́n ń sọ fún mi nínú ohun ìbotí pé kí n mí, kí n dá a dúró, kí n mí. Wọ́n fa oògùn kan sí iṣan mi tó máa ń jẹ́ kí àpá tàn yàtọ̀ sí ẹran tó dá ṣáká. Kò sí àpá. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé àwòrán yìí ni yóò sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi sí mi. Ká ní àpá pọ̀ níbẹ̀ ni, iná inú ọkàn lè máa yípo lẹ́bàá àpá, kí yàrá ìsàlẹ̀ sáré àsápajúdé, ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí lọ́jọ́ irú ìyẹn, ICD, ni mo bá nílò. Michel Mirowski ló ṣáájú àwọn tó ṣe é, 1980 sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ènìyàn lára, ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà. Tèmi kò dé ibẹ̀. Pacemaker tó, èyí tó ń rọra sún ọkàn tó bá falẹ̀.

Lóru tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, oorun kò kùn mí. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń ka ìtàn Arne Larsson, ará Swídìn, fún mi. Ní 8 Oṣù Kẹwàá 1958 ló di ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo pacemaker rẹ̀ wà nínú ara. Rune Elmqvist ló ṣe ẹ̀rọ náà, Åke Senning ló ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyàwó Larsson, Else-Marie, ló sì ń bẹ̀ wọ́n tí kò jẹ́ kí wọ́n sinmi títí wọ́n fi gbà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kú láàrin wákàtí díẹ̀. Larsson lo ju ẹ̀rọ 20 lọ láyé rẹ̀, ó sì kú ní 2001 lẹ́ni ọdún 86. Mo ní kí ọmọ mi tún apá ti ìyàwó rẹ̀ kà. Mo ń wo òun náà bó ṣe jókòó síbẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà kò tó bí mo ṣe rò ó. Ojú mi là, abẹ́ èjìká òsì ni wọ́n pa kú. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ 2 gba inú iṣan, X-ray ń fi ibi tí wọ́n dé hàn wọ́n lójú ẹsẹ̀, ọ̀kan sí yàrá òkè, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà sábẹ́ awọ. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n tún fi X-ray ya àyà mi láti rí i pé wáyà dúró síbi tó yẹ àti pé ẹ̀dọ̀fóró kò fara pa.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ni lẹ́yìn náà. Wọ́n ní kí n má gbé apá òsì kọjá èjìká fún ọ̀sẹ̀ 6 kí wáyà lè rọ̀ mọ́ ọkàn. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbé e rárá. Mo dì í mọ́ra tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, èjìká mi ti gan, ó sì gba oṣù mẹ́ta kí n tó lè na ọwọ́ dé òpin téèpù. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé bí n kò bá mì ín rárá, ìyẹn náà léwu: kí n máa tẹ ìgúnpá, kí n máa rọra jù ú síwá sẹ́yìn nísàlẹ̀ èjìká. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ má bi wọ́n ní ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe nìkan.

Ọ̀rọ̀ irin òòfà tún wà. Àwa aránṣọ máa ń lò ó láti ṣa píìnì nílẹ̀. Mo fi tèmi sí àpò àyà òsì lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì-kìkì, ó yára ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì falẹ̀ bí mo tilẹ̀ jókòó. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀rọ wò nílé ìwòsàn ló bi mí pé kí ló wà nínú àpò yín. Ó ní ní gbogbo ìgbà, pacemaker máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọkàn ná, bí ọkàn bá lù fúnra rẹ̀, yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá sún mọ́ ọn gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ mọ́, wọ́n á kàn máa lù ní ìwọ̀n kan títí òòfà yóò fi kúrò. Báyìí òòfà mi wà ní ìpẹ̀kun tábìlì, fóònù mi náà kì í sún mọ́ ibẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, etí ọ̀tún ni mo sì fi ń gbà á.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í sí mi, n kò ṣubú mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ní ọdún kejì, wọ́n pè mí. Ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá òkè ọkàn mi gbọ̀n rúdurùdu fún wákàtí 31, èyí tí wọ́n ń pè ní atrial fibrillation. Èmi kò mọ nǹkan kan lára. Mo ń ránṣọ ní gbogbo wákàtí yẹn. Pacemaker kì í dá a dúró, ó kàn rí i ni. Dókítà ní ewu rẹ̀ ni pé yàrá òkè tó ń gbọ̀n kì í fún pọ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ á lọ́ra nínú àpò kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òkè òsì, ó lè dì, ìdì náà lè lọ sí ọpọlọ. Ó ń mú kí ewu rọpárọsẹ̀ di ìlọ́po 5. Echo tuntun fi hàn pé yàrá òkè òsì mi ti fẹ̀ díẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún pípẹ́ máa ń fà. Nítorí ìyẹn, àti nítorí àtọ̀gbẹ, wọ́n kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún mi.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ lára gba èyí yẹ̀ wò gidi: ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀rọ jẹ nítorí pé ara yín le. Ọjọ́ tí ara mi le gan-an ni ẹ̀rọ rí èyí tó lè sọ mí di arọ. Ẹ má sì yọ wáyà ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kí ẹ lè rí ibi gba iná fóònù yín. Mo ti rí ẹni tó ṣe é fún oṣù mẹ́rin.

Àyẹ̀wò tèmi tó kẹ́yìn jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bátìrì ṣì ku ọdún 6. Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀rọ wò gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi léjìká, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí n wo ohun tí ọkàn yín ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ pè mí." Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó dín in sí 50, ó dín in sí 40. Àwọn àmì kéékèèké ń tò lọ lójú ẹ̀rọ, mo gbé ojú lé wọn, mo ń retí. Àmì ńlá kan jáde lẹ́yìn wọn. Òmíràn tẹ̀ lé e.